Ọkọ̀ Forí Sọ Ọkọ̀: Ta Ló Jẹ̀bi, Ta Ló sì Máa Sanwó?

"Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbí." Gbólóhùn yìí ló ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ èèyàn jù lójú títì. Ìgbà tí ara yín ṣì ń gbọ̀n ni wọ́n máa ń sọ ọ́, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè ọkọ̀, tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá egungun kan ti yẹ̀ lára yín. Òfin Nàìjíríà ni àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí dá lé. Ibi tí ti Èkó bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu ọkọ̀ ni. Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ dúró. Dandan ni kí awakọ̀ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí dúró, kó sọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sá ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ méjì: ó máa jẹ́jọ́ ìjàǹbá, ó tún máa jẹ́jọ́ sísá.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀ tó ìṣísẹ̀ 50 ó kéré tán. Tó bá jẹ́ òru, tàbí ibi tí ọ̀nà ti wọ́, ẹ sún un sẹ́yìn sí i. Ewé tútù tí àwọn èèyàn máa ń já sójú títì kì í tàn lálẹ́, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì lè pa ẹni tó wá ṣèrànwọ́.

Nọ́ńbà Road Safety ni 122. Nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè ni 112, ní Èkó ẹ tún lè pe 767. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn, ẹ má fà á jáde nínú ọkọ̀, àfi tí iná bá fẹ́ ràn tàbí tí ewu mìíràn bá ń bọ̀.

Kí ni kí n yà ní fọ́tò?

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ yà á láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọkọ̀ méjèèjì àti ilà ojú títì wọ inú fọ́tò kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ ọn: ibi tó fọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, láísẹ́ǹsì ẹni kejì, ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Tí táyà bá fa ilà dúdú sílẹ̀, ẹ fi bàtà yín tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó yà á, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ṣe gùn tó.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni àfọ́kù gíláàsì àti ẹrẹ̀ gbígbẹ tó já bọ́ láti abẹ́ ọkọ̀. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí jù sábà máa ń jẹ́ ibi tí ọkọ̀ méjèèjì ti pàdé gan-an, kódà tí wọ́n bá ti wọ́ ara wọn lọ síbòmíràn. Tí ẹrẹ̀ yẹn bá wà ní ọwọ́ tiyín, yóò nira fún ẹni kejì láti sọ pé ẹ̀yin lẹ bọ́ sí ọwọ́ òun. Kò pẹ́ rárá tí ẹnìkan fi máa gbá a sí kọ̀tọ̀, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.

Ẹ má pa fọ́tò tó wà nínú fóònù rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́. WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù, ọjọ́ àti àkókò tó wà lára rẹ̀ sì máa ń pòórá. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 tún ní kí ìwé àfọwọ́sí kan tẹ̀ lé ohunkóhun tó bá ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde kí kóòtù tó gbà á, ìwé tó ń sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́yà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ará ọkọ̀ yín. Ẹni tó ń tajà létí títì sàn ju èrò inú ọkọ̀ lọ, torí ẹ ó tún bá a níbẹ̀ lọ́la.

Tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣèṣe, tí fọ́tò sì ti pé, ẹ gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá dí ọ̀nà torí bọ́ǹpà lè gba ìwé ìtanràn lórí ìyẹn nìkan.

Tí mo bá ní "ẹ pẹ̀lẹ́", ṣé mo ti gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi nìyẹn?

Rárá. Yorùbá á kí ẹni tó kọsẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló gbé òkúta síbẹ̀ tàbí òun kọ́. "Ẹ má bínú, fóònù ni mò ń wò" ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá tí ẹnìkan bá ń fi fóònù ká ohùn yín sílẹ̀. Ìwé ìnṣọ́ránsì púpọ̀ tún ní gbólóhùn kan nínú tó ní kí ẹ má gba ẹ̀bi, kí ẹ má sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ iléeṣẹ́ adójútòfò. Tí ẹ bá ṣe é, wọ́n lè ní àwọn kò san mọ́.

Àwọn èrò ti yí mi ká, wọ́n fẹ́ lù mí. Ṣé mo lè kúrò níbẹ̀?

Tí ẹ̀mí yín bá wà nínú ewu, ẹ wa ọkọ̀ lọ tààrà sí téṣàn tó súnmọ́ jù, kí ẹ máa pe 112 lọ. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ wọn lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí ẹ wọlé. Àkókò yẹn ló máa ya ẹni tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó sá. Ẹ má yà sílé kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyàwó.

Ọsibítù ní àwọn kò ní fọwọ́ kan ẹni tó ṣèṣe láìsí ìwé ọlọ́pàá, tàbí láìkọ́kọ́ sanwó.

Wọ́n ń rú òfin ni. Abala 20 nínú National Health Act ti 2014 sọ pé dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Òfin kankan kò béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú ẹni tí ọkọ̀ gbá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ìbọn bà ni ìdàrúdàpọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, òfin 2017 sì ti pa á tì fún ìyẹn náà. Ẹ dárúkọ abala 20 fún wọn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n má tọ́jú. Ìbéèrè orúkọ yẹn máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Wọ́n ṣì lè fún yín ní bíìlì lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, kó sì jẹ́ pé orúkọ ẹni tó ṣèṣe ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀gbọ́n tó lọ sanwó ní fáńmásì.

Báwo ni kóòtù ṣe ń mọ ẹni tó jẹ̀bi?

Ẹni tó ń béèrè owó gbọ́dọ̀ fi nǹkan mẹ́ta hàn: pé ó yẹ kí ẹni kejì ṣọ́ra fún òun, pé kò ṣọ́ra, àti pé àìṣọ́ra yẹn gan-an ló fa ìpalára. Ibi ẹ̀kẹta yìí ni ẹjọ́ púpọ̀ ti máa ń já. Dẹ́rẹ́bà lè má ní láísẹ́ǹsì, kó sì jẹ́ pé òun kọ́ ló fa ìkọlù. Àìní láísẹ́ǹsì ní ìjìyà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ẹlẹ́bi ohun tí kò ṣe.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá gbá ẹ̀yìn ló jẹ̀bi. Lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ ló rí, torí ó yẹ kí ẹni tó wà lẹ́yìn fi àyè tó tó sílẹ̀ láti tẹ bíréèkì. Kì í ṣe òfin tí kò ní àyípadà, síbẹ̀. Tírélà tó bà jẹ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lóru láìsí iná, láìsí C-caution, kò lè dá gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tó kó sábẹ́ rẹ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó já wọ iwájú yín lójijì tó sì tẹ bíréèkì láti gbé èrò, tàbí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ láti padà sí ibùdókọ̀ tó ti kọjá.

Ẹ̀bi ṣeé pín. Tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́ tó mílíọ̀nù kan náírà, tí adájọ́ sì rí i pé ìdá 30 nínú 100 ẹ̀bi náà wà lọ́rùn yín torí eré àsápajúdé, ₦700,000 lẹ ó gbà. Ẹni tí kò de bẹ́líìtì, tàbí ọlọ́kadà tí kò dé akoto, lè rí i kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ẹni kejì ló fa ìjàǹbá. Ẹni tó fẹsẹ̀ gba abẹ́ afárá kọjá náà ṣì ní ẹ̀tọ́. Òun náà máa ru nínú ẹ̀bi ni, àmọ́ dẹ́rẹ́bà tó rí i láti ọ̀nà jíjìn tí kò dín eré kù kò lè mórí bọ́.

"Bíréèkì ló já." Ṣé ìyẹn tó láti fi gba ara ẹni sílẹ̀?

Kò tó. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń tọ́jú ọkọ̀ náà dáadáa, pé ohun tó bà jẹ́ kì í ṣe ohun tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ì bá ti rí tẹ́lẹ̀. Rìsíìtì bíréèkì páàdì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe é ni wọ́n máa béèrè. Bákan náà ni táyà: tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ tán, bíbẹ́ tó bẹ́ kì í ṣe àdébá.

Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, fi ṣe pàtàkì. Tí ìjàǹbá bá le, ọlọ́pàá máa ní kí VIO yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n kọ bí bíréèkì, síárìn, táyà àti iná ṣe rí. Kò gbọdọ̀ sí mẹkáníìkì tó máa fọwọ́ kan bíréèkì ọkọ̀ méjèèjì ṣáájú ìyẹn. Awakọ̀ tó bá ń kánjú láti tún ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà téṣàn, ẹ ya ọwọ́ rẹ̀ ní fọ́tò.

Dẹ́rẹ́bà mi ló wà á, èmi kò sí níbẹ̀. Ṣé mo máa sanwó?

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yín ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó gba awakọ̀ síṣẹ́ ló máa ń ru ẹ̀bi ohun tí awakọ̀ náà bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, kódà tí ẹ bá ti kìlọ̀ fún un kó má sáré. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní kó gbé ọkọ̀ sílé, tó wá gbé e lọ sí òde ìnáwó tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ yí padà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi ìyẹn hàn. Tí kóòtù bá ti mọ̀ pé ọkọ̀ yín ni, ibi tó máa kọ́kọ́ dúró sí ni pé ẹni tó ń wà á ń wà á fún yín.

Tí ẹ bá yá àbúrò yín ní mọ́tò láti fi ṣe ìrìn tirẹ̀, tirẹ̀ ni ẹ̀bi. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní kó bá yín gbé ẹrù wá láti Ìbàdàn, tiyín ni, ẹ̀bí tàbí dẹ́rẹ́bà. Ẹni tó sì fún ọmọ tí kò tó ọdún 18 ní kọ́kọ́rọ́ ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ti dánfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tí dẹ́rẹ́bà ń fi owó jíṣẹ́ lójoojúmọ́, olówó ọkọ̀ máa ń sọ pé "mo kàn yá a ní ọkọ̀ ni". Ẹ má bá a jiyàn lójú títì. Ẹ pe awakọ̀ àti olówó ọkọ̀ lẹ́jọ́ pọ̀, kí kóòtù tú u.

Mo ti ta ọkọ̀ náà láti ọdún tó kọjá, ọlọ́pàá sì ń pè mí.

Orúkọ yín ló ṣì wà lórí ìwé ọkọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Ẹ mú rìsíìtì tí ẹ fi tà á lọ, pẹ̀lú ẹ̀rí owó tó wọlé. Kí ẹ má tún ta ọkọ̀ mìíràn láìjẹ́ kí ẹni tó rà á yí orúkọ padà.

Ọlọ́pàá tì mí mọ́lé, wọ́n ní kí n san owó ẹni kejì kí n tó lọ.

Agbára ọlọ́pàá ni láti ṣèwádìí ẹ̀ṣẹ̀, bí ìwakùwà, sísá, tàbí ọtí. Bíbá èèyàn gba owó bọ́ǹpà kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ ketekete pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí aáwọ̀ lásán láàrin ẹni méjì tàbí torí àdéhùn tó bà jẹ́. Tí wọ́n bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, Òfin Orílẹ̀-èdè, abala 35, ní kí wọ́n gbé yín lọ sí kóòtù láàrin ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ méjì tí kò bá sí. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Tí awakọ̀ bá sá, wọn kò gbọdọ̀ mú ìyàwó rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ dípò rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ti 2015 àti ti Èkó ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ni kí ẹ fi ojú sí ní téṣàn. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ. Ẹ lè dákẹ́ títí lọ́yà á fi dé. Tí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ohun tí ẹ rí nìkan, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. "Mo ń lọ ní nǹkan bí 60, iná rẹ̀ kò tàn" tó. Èkejì ni àwòrán tí ọlọ́pàá máa yà nípa ibi ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ wo ibi tí ó fi àmì ìkọlù sí, ọwọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kọjú sí, àti ìwọ̀n láti etí títì dé táyà. Tí ó bá lòdì sí fọ́tò yín, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àwòrán yẹn máa wà nínú fáìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ilà táyà ti parẹ́.

Tí ẹnìkan bá kú, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹbí méjèèjì. Ẹbí lè dárí jì, wọ́n lè gba owó, síbẹ̀ ìjọba ló ni ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹni tó fi ìwakùwà pa èèyàn lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta "ìparí ẹjọ́" fún yín.

Kí ni ìnṣọ́ránsì third party ń san, kí ni kì í san?

Ọ̀ranyàn ni fún gbogbo ọkọ̀ tó bá rìn lójú títì. Òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 kò mú un kúrò, ọlọ́pàá sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè láti oṣù kejì ọdún náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, gbé owó rẹ̀ sókè: ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ àdáni, tí iléeṣẹ́ máa san tó ₦3 mílíọ̀nù lórí dúkìá ẹlòmíràn tí ẹ bá bà jẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ₦5,000, gbèdéke rẹ̀ ₦2 mílíọ̀nù. Ọ̀kadà ₦3,000, gbèdéke ₦1 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbówó ₦100,000, gbèdéke ₦5 mílíọ̀nù. Gbèdéke yìí jẹ́ ti dúkìá: mọ́tò, ògiri, géètì, ṣọ́ọ̀bù. Ti ẹni tó fara pa tàbí tó kú yàtọ̀, kò ní gbèdéke yẹn.

Kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bínú sí iléeṣẹ́ adójútòfò láìnídìí. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún tiyín ṣe, comprehensive lẹ máa rà, tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀: ọkọ̀ ₦6 mílíọ̀nù, ₦300,000 nìyẹn. Tí ẹ bá sì ba ọkọ̀ olówó ńlá jẹ́ tó ₦5 mílíọ̀nù, iléeṣẹ́ á san 3, ẹ̀yin á wá 2 tó kù.

Ìwé ayédèrú pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìdí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí askniid.org tàbí *565*11#. Tí orúkọ iléeṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa parí kò bá jáde, ẹ kà á sí pé ẹ kò ní ìnṣọ́ránsì. Ẹ ṣe é fún ọkọ̀ ẹni kejì náà níbi ìjàǹbá, kí ẹ ya ohun tó bá jáde ní fọ́tò.

Báwo ni mo ṣe máa gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ẹni tó gbá mi?

Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ má dúró de ẹni kejì. Ohun tó máa tẹ̀ lé e ni ìwé ìjábọ̀ ọlọ́pàá, fọ́tò, ẹ̀dà láísẹ́ǹsì yín, ìwé ọkọ̀ yín, nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì ẹni kejì, àti ìdíyelé àtúnṣe tó ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó páàtì. Ìdíyelé tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí sìgá kò wúlò. Kó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, àti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, torí ó lè di pé ẹni náà máa wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Ohun tó máa ń ba ẹ̀sùn jẹ́ jù ni pé wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe kí ẹni tí iléeṣẹ́ rán tó wá wò ó. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ ọ̀nà àtijẹ yín tí ẹ kò lè dúró, ẹ kọ̀wé sí wọn pé ọjọ́ báyìí lẹ máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo páàtì tó fọ́ sínú àpò kan. Bọ́ǹpà tó fọ́ ń sọ̀rọ̀ ju rìsíìtì lọ. Ìkejì ni ìtàn tí kò bára mu: ìwé ọlọ́pàá ní aago 7 àárọ̀, lẹ́tà yín ní aago 9.

Ẹ fi gbogbo nǹkan ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Tí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, kí ẹ fi ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn kún un. Tí ẹ bá máa lọ sí kóòtù, kí lọ́yà yín ta iléeṣẹ́ náà lólobó ṣáájú, torí òun ló máa san owó tí adájọ́ bá dá lé ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lórí.

Ẹni kejì fọwọ́ sí ìwé pé òun máa san ₦400,000. Kò san.

Ìwé yẹn ti sọ ọ̀rọ̀ ìjàǹbá di gbèsè, ẹ kò nílò láti jiyàn ẹ̀bi mọ́. Ní Èkó, kóòtù Small Claims tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà ìbéèrè owó ránṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù tí kóòtù là sílẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ 7, kí ẹ tó gbé e wọlé. Ìlànà wọn ni kí ẹjọ́ parí láàrin ọjọ́ 60, ẹ sì lè rò ó láìsí lọ́yà. Tí kò bá sí ìwé, tí ẹ kò tíì fẹnu kò lórí iye, kóòtù yẹn kọ́ lẹ máa gbé e lọ.

Kí ìwé náà ní iye owó, ọjọ́ tó máa san, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, orúkọ, àdírẹ́sì, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹlẹ́rìí kan. "Mo máa tún un ṣe" lásán kò tó.

Mo gba ₦50,000 lójú títì. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ohun tí ẹ fọwọ́ sí ló máa sọ. Tí ẹ bá gbà á fún gíláàsì ọkọ̀ nìkan, ẹ̀tọ́ ara yín ṣì wà. Tí ìwé bá ní "mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi, n kò ní ẹjọ́ kankan mọ́", ọ̀nà ti há, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́yà lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n fipá mú yín. Ìrora ọrùn àti ẹ̀yìn máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kan náà, kódà tí ara bá dá, kí ọjọ́ tó wà lórí káàdì lè bá ọjọ́ ìjàǹbá mu.

Èló ni owó gbà-má-bínú?

Apá méjì ló ní. Apá kan ni owó tí ẹ ná tàbí tí ẹ pàdánù tó ṣeé kà: ọsibítù, òògùn, ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ ìtọ́jú, àtúnṣe, owó tí ọkọ̀ ì bá ti pa. Kóòtù kì í méfò lórí apá yìí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀rí gbè é. Onítakisí tó bá ní òun ń pa ₦25,000 lójúmọ́ láìsí ìwé kankan lè padà lọ́wọ́ òfo. Kí ó yọ owó epo kúrò, kí ó kó àkọsílẹ̀ báńkì tàbí ti áàpù wá. Tí ọkọ̀ bá bà jẹ́ kọjá àtúnṣe, iye tó tó kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa wò, wọ́n á yọ iye tí àlòkù rẹ̀ lè pa.

Apá kejì ni ìrora, àbùkù ara, àti ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́. Adájọ́ ló máa wọ̀n ọ́n, ìwé dókítà tó sọ bí ara ṣe rí lónìí àti bó ṣe máa rí lọ́la ló sì máa ràn án lọ́wọ́.

Tí ẹni tó kú bá jẹ́ olórí ilé ńkọ́?

Ìyàwó, ọkọ, ọmọ àti òbí tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lè béèrè ohun tí wọ́n pàdánù. Wọ́n máa wo ọjọ́ orí rẹ̀, owó tó ń wọlé fún un, àti iye tó ń ná lé wọn lórí. Ẹ kó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé owó oṣù, àti ìwé dókítà tó sọ ohun tó pa á jọ.

Ìgbà wo ni àsìkò láti pẹjọ́ máa kọjá?

Ní Èkó, ọdún 3 ni fún ìpalára ara àti fún ikú, ọdún 6 fún dúkìá. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn ẹ fi ọdún 3 sọ́kàn fún gbogbo rẹ̀. Ewu ńlá wà nínú ọkọ̀ ìjọba: òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù 3 péré, àwọn àjọ kan sì tún ń fẹ́ ìwé ìkìlọ̀ ṣáájú ẹjọ́. Ìdúnàádúrà kì í dá aago yìí dúró. Ẹni tó ń sọ fún yín pé "ọ̀gá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" lè mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Òfin Employee's Compensation ti 2010 ń san fún yín láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi, nípasẹ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tí agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sí. Ìrìn láàrin ilé àti ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá láàrin ọjọ́ 14; ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí; ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ béèrè kí ọdún kan tó pé.

N kò ní owó lọ́yà.

Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀ gbogbo, òfin 2011 tó gbé e dúró sì dárúkọ ẹ̀sùn ìjàǹbá fún àwọn tí owó wọn kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Ní Èkó, Office of the Public Defender àti Citizens' Mediation Centre jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé ìlàjà yẹn dára fún bọ́ǹpà àti gíláàsì. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ tó kán lọ síbẹ̀.

Mo ń wa ọkọ̀ lọ sí Kùtọnu tàbí Lomé.

Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà yín kò tó lẹ́yìn ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Brown Card ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kùtọnu ní 1982, ló ń ṣe ti third party níbẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò yín ló máa fún yín kí ẹ tó kúrò nílé, ojúlówó ìwé rẹ̀ ni kí ẹ mú dání. Òfin ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa fi wọn owó, Benin àti Togo sì ń lo ìlànà CIMA, òfin ìnṣọ́ránsì àjùmọ̀lò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, tó ní ìṣirò tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí tiwa. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá ibẹ̀, ẹ béèrè ìwé ìjábọ̀ wọn, kí ẹ sọ fún ọ́fíìsì Brown Card orílẹ̀-èdè náà kí ẹ tó padà sọ́nà ilé.